Bí a ṣe ń múra ọkọ̀ GT3 sílẹ̀ fún wákàtí 12 lórí òkè Bathurst

Kí ikọ̀ tuntun tó gbé ọkọ̀ GT3 (ọkọ̀ ìje tí wọ́n ṣe láti ara ọkọ̀ eré tí wọ́n ń tà fún gbogbo èèyàn) lọ sí Mount Panorama ní ìlú Bathurst, New South Wales, Ọsirélíà, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti ìṣirò kan. Ní 2020, ọkọ̀ Bentley tí Jules Gounon, Maxime Soulet àti Jordan Pepper wà ló gba ipò kìíní nínú eré ìje wákàtí 12 níbẹ̀. Ìyípo 314 ni wọ́n sá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 1,951, kò sì sí ọkọ̀ tó tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nínú ìje náà títí di ọjọ́ yẹn. Ẹ fi 314 pín 720 ìṣẹ́jú. Ohun tí ẹ ó rí ni ìṣẹ́jú 2 àti sẹ́kọ́ńdì 17 fún ìyípo kan. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ GT3 tó dá ṣáṣá lè yí òkè náà po ní 2:05 láìṣe wàhálà. Ìyàtọ̀ méjèèjì, tí ẹ bá kó o jọ fún ìyípo 314, lé ní wákàtí kan.

Wákàtí kan yẹn ni ìje yìí. Inú pit ló lọ sí, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró gba epo àti táyà, àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdáàbòbò, tí gbogbo ọkọ̀ máa ń rọra tò tẹ̀ lé nígbà tí ewu bá wà lójú ọ̀nà, àti ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ tó lọ́ra. Kódà ẹni tó gba ipò kìíní ní ọjọ́ tó dára jù pàdánù wákàtí kan. Ẹni tó bá fara kan ògiri lórí òkè á pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí náà, gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà kan ló dojú kọ: ọkọ̀ tí awakọ̀ tó ti rẹ̀ lè gbà gun òkè ní wákàtí kọkànlá kí ọkàn rẹ̀ má já, àti ikọ̀ tí kò ní dá a dúró ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì sẹ́kọ́ńdì tí ẹ lè rí nínú ìyípo kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Ẹ fi ẹsẹ̀ rin òkè náà

Ọ̀nà gbogboògbò ni Mount Panorama. Láti 1938 ni wọ́n ti ń sáré ìje níbẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ lọ sílé wọn lọ́jọ́ tí kò bá sí ìje; 60 km/h ni òfin fàyè gbà. Wahluu ni àwọn Wiradjuri, àwọn tó ni ilẹ̀ náà láti ìṣẹ̀ǹbáyé, ń pè é. Ìyípo kan jẹ́ kìlómítà 6.213, ó ní kọ́nà 23, mítà 174 ló sì wà láàárín ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù.

Tí ẹ bá ti ẹnu pit jáde, Hell Corner ló kọ́kọ́ máa yí yín sí òsì, Mountain Straight á gbé yín gòkè, Griffins Bend á yí yín sí ọ̀tún, The Cutting á sì gbà yín sáàárín ògiri méjì. The Cutting yìí ni ọ̀nà ti ga bí àkàbà: nínú bíi mítà 6 tí ẹ bá rìn síwájú, ẹ ti gòkè mítà 1. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Reid Park, Sulman Park, McPhillamy Park àti Skyline, níbi tí ọ̀nà ti dédé já sísàlẹ̀. Ẹ ó wá gba The Esses àti The Dipper sọ̀ kalẹ̀ dé Forrest's Elbow, kí Conrod Straight tó gbé yín lọ sí The Chase, tí wọ́n fi kún ọ̀nà náà ní 1987, àti Murray's Corner.

Ẹ má fi mọ sí wíwo fídíò. Kí gbogbo awakọ̀ àti ẹ̀ńjíníà rìn ín. Nígbà tí ẹ bá dé ìtòsí Skyline, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín á fi ga tó mítà kan sí ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú awakọ̀ máa wà. Ẹ kò ní rí ọ̀nà mọ́. Ojú ọ̀run nìkan lẹ ó rí. Ibẹ̀ ni kí awakọ̀ ti yan àmì tí yóò máa wò kí ó tó tẹ bíréèkì. Kí àmì náà jẹ́ ohun tí kì í kúrò nípò: ibi tí ògiri kọnkéré méjì ti pàdé, ẹsẹ̀ wáyà, àmì ọ̀dà lójú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo òjìji. Òjìji tó wà níbẹ̀ ní aago méje àárọ̀ á ti lọ sí ibòmíràn kí ó tó di ọ̀sán, awakọ̀ á sì máa tẹ bíréèkì síbi tí kò yẹ láìmọ̀ ìdí.

Ẹ tún wo ògiri fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀dà àti rọ́bà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn jù ni àwọn ẹlòmíràn ti fara kàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ibi tí kọ́nà ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà ń gbá ògiri, ibi tí ó ti ń parí ni, nítorí awakọ̀ ti yára tẹ iná (pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré) kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa.

Ọkọ̀ tó fara balẹ̀

Àwọn méjì ń fa ọkọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbí. Conrod Straight fẹ́ kí afẹ́fẹ́ má dí ọkọ̀ lọ́nà, nítorí eré GT3 máa ń kọjá 270 km/h níbẹ̀. Orí òkè fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ikọ̀ tuntun máa ń dín ìyẹ́ ẹ̀yìn (pátákó ẹ̀yìn ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀) kù nígbà tí wọ́n bá rí i pé àwọn ẹlòmíràn ń kọjá wọn lórí Conrod. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi ìyẹ́ náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì ju èyí tó fún yín ní ìyípo tó yá jù lọ. Táyà tó ti sá ìyípo 25 nínú oòrùn kò lè di ọ̀nà mú bíi táyà tuntun. Ìyẹ́ ló ń bá a ṣe é. Ẹ kan rí i dájú pé ìwọ̀n náà wà láàárín ohun tí àwọn aláṣẹ ìje fọwọ́ sí fún irú ọkọ̀ yín, nítorí wọ́n ń dọ́gba agbára àwọn ọkọ̀ GT3, wọ́n sì lè ti yan ìyẹ́ àti gíga ọkọ̀ fún yín.

Ní ìgòkè, ẹrù máa ń bọ́ sẹ́yìn. Imú ọkọ̀ á fúyẹ́, ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ yí ní The Cutting. Awakọ̀ á wá yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sí i, á tẹ iná, ẹ̀yìn á sì yọ̀ lójijì. Ní ìsọ̀kalẹ̀, òdìkejì ni: ẹrù á bọ́ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́ ní The Esses gan-an níbi tí ògiri ti sún mọ́ra jù. Ẹ ò lè fi ṣọ́ọ̀kù tàbí sípíríǹgì wo àìsàn méjèèjì sàn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá jẹ́ ti ìsọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ tí kò fẹ́ yí ní The Cutting á jẹ ìdámẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ yín. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀ ní The Esses á jẹ gbogbo ìje náà.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ rọ ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ díẹ̀, kí táyà ẹ̀yìn lè di ilẹ̀ mú, kí ẹ sì fi TC (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná) pamọ́ sí nọ́ńbà tó ga díẹ̀ fún ìgbà tí táyà bá ti gbó. Ẹ sún agbára bíréèkì síwájú ní ìdá 0.5 sí 1 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀yìn bá ń yọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ní Skyline. Ẹ rántí pé epo fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrù. Tánkì lítà 110 wúwo tó kìlógíráàmù 80 tó bá kún, kò sì ní wúwo rárá ní òpin ìjókòó, ìyẹn àkókò tí awakọ̀ kan fi ń wà nídìí ọkọ̀ kí ó tó wọ pit. Ẹ dán ọkọ̀ wò pẹ̀lú tánkì tó kún àti tánkì tó ti fẹ́ gbẹ, kí ẹ tó sọ pé ó dára. Ìtò ọkọ̀ tí kò bá dẹ́rù ba awakọ̀ nínú ipò méjèèjì ni kí ẹ mú.

Táyà

Ọ̀nà náà ń yí ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, nítorí náà táyà ọwọ́ ọ̀tún ló ń ru ẹrù jù, tó sì ń gbóná jù. Tí ẹ bá fún gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ kan náà nígbà tí wọ́n tutù, ọ̀tún á kọjá àlà, òsì kò ní débẹ̀. Ẹ fún òsì ní afẹ́fẹ́ tó fi díẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀tún lọ.

Ìṣirò afẹ́fẹ́ táyà kò le. Táyà tó ní 1.3 bar ní 20°C á ní bíi 1.85 bar tó bá gbóná dé 90°C. Ìyẹn ni pé, fún 10°C kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ìyàtọ̀ bíi 0.08 bar. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Bathurst ní oṣù kejì ọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn: ìje á bẹ̀rẹ̀ nínú òtútù ìdájí, ọ̀sán á sì sọ ọ̀dà ojú ọ̀nà di àwo ìdáná. Táyà tí ẹ kó síbi òjìji àti èyí tí oòrùn ti pa fún wákàtí méjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bí gẹ́ẹ̀jì bá tilẹ̀ sọ ohun kan náà. Ẹ máa fi ẹ̀rọ ìwọ̀n-ìgbóná wo ara táyà kí ẹ tó fún un ní afẹ́fẹ́, kí ẹ kọ ìgbóná yẹn pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Pirelli tó ń pèsè táyà fún ìje náà máa ń kéde ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ má ṣe bá a dúnàádúrà. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń tẹ̀ tó sì ń nà nígbà gbogbo, ó ń gbóná láti inú, ìgbà tí ẹ bá sì mọ̀ ni ìgbà tó bá bẹ́ lórí Conrod.

Tí aago ìkìlọ̀ bá fi hàn pé táyà kan ti pàdánù 0.1 bar tí àwọn yòókù kò sì pàdánù, ibi tí ọkọ̀ wà ló máa sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Tó bá jẹ́ Forrest's Elbow, kí awakọ̀ gba Conrod wá ní pẹ̀lẹ́ kí ó sì wọ pit, kò jìn mọ́. Tó bá jẹ́ Hell Corner, òkè gbogbo ṣì wà níwájú. Kí ó dín eré kù láti ìgbà yẹn, kí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó má sì fi táyà yẹn gba orí ìgbátí kọ́nà kankan.

Epo, àti bí òkè ṣe ń tàn án

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 3.3 nínú ìyípo kan ṣe àpẹẹrẹ. Tánkì lítà 110 á gbé e dé ìyípo 33. Ní 2:05, ìyẹn tó ìṣẹ́jú 68 tàbí 69. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè lò ó tán. Lórí Mountain Straight, epo tó kù máa ń sáré lọ sẹ́yìn tánkì. Ní The Esses, ó máa ń sáré wá síwájú. Páǹpù tó wà níbi tí epo ti kúrò á fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń dààmú ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjíníà ni pé ẹ̀rọ ń sọ pé lítà mẹ́rin ṣì wà. Òótọ́ ló sọ. Epo wà níbẹ̀, ibi tí páǹpù wà ni kò sí.

Nítorí náà, ní ìgbà ìdánwò, ẹ sá ọkọ̀ náà títí ẹ́ńjìnnì á fi kọ́kọ́ wúkọ́, kí awakọ̀ sọ kọ́nà tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fa gbogbo epo tó kù jáde kí ẹ wọ̀n ọ́n. Iye yẹn ni ẹ kò ní kà mọ́ nínú ìṣirò yín. Tó bá jẹ́ lítà 4, ìyípo 32 lẹ ní, kì í ṣe 33. Tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí páǹpù kékeré kan tó ń gbé epo wá sí àárín tánkì ti kú, tàbí kí ilẹ̀kùn rọ́bà inú tánkì má pa dé mọ́. Ẹ tú u wò kí ọjọ́ ìje tó dé.

Fífi epo pamọ́ kò ní kí ọkọ̀ lọ́ra níbi gbogbo. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń sáré jù ni ó ti rọrùn jù: kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ní mítà 50 sí 100 kí ó tó dé ibi tí ó máa ń tẹ bíréèkì ní The Chase, kó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Griffins Bend náà. Tó bá fi 0.1 lítà pamọ́ nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìyípo 32 ó ti ní lítà 3.2, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyípo kan. Bíréèkì náà á tún dúpẹ́.

Bíréèkì

Ẹ má fojú di The Chase. Láti orí eré tó ju 270 km/h lọ, awakọ̀ á kọ́kọ́ yà sí ọ̀tún, á sì máa tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dúró tààrà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Murray's Corner àti Hell Corner, ìyẹn bíréèkì gidi mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ wọn páàdì iwájú kí ẹ tó jáde fún ìdánwò, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìyípo 30. Tí ó bá ti jẹ 1.2 mílímítà, ìyípo 310 á jẹ mílímítà 12.4. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ìnípọn rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. Tí ohun tó kù bá sún mọ́ ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi pípààrọ̀ sínú ètò yín láti ilé, bíi wákàtí keje, ní ìgbà tí ọkọ̀ ìdáàbòbò bá jáde. Kí páàdì àti dísìkì tí ẹ fi pamọ́ ti sá ìyípo díẹ̀ papọ̀ rí, kí ẹ kọ òsì àti ọ̀tún sí wọn lára. Dísìkì tuntun tí kò tíì bá páàdì mọ ara á mú kí bíréèkì máa gbọ̀n, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí lórí òkè.

Ìlà tín-tìn-tín lójú dísìkì kò burú. Ìlà tó bá ti dé etí rẹ̀ burú. Ẹ jù ú.

Tí pẹ́dà bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì bíréèkì ti hó. Ọ́ìlì yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi ló sì ń mú kí ó hó kíákíá. Ẹ ṣí ike tuntun ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, kí ẹ má lo èyí tí ẹ ti ṣí lánàá.

Nígbà tí ògiri bá bu ọkọ̀ jẹ

Èyí ló gba àlàyé jù, nítorí òun ló ń pa ìje ọ̀pọ̀lọpọ̀. Kíkan tí a ń sọ kì í ṣe ìjàǹbá ńlá. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún kan ògiri fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí kọ́nà ti ń parí, awakọ̀ gbọ́ ìró "kì!", ọkọ̀ sì ń lọ. Á sọ lórí rédíò pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má gbà á gbọ́, ẹ má sì pè é wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni ipò ọwọ́ ìtọ́kọ̀ lórí Conrod. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, ó yẹ kí ó wà ní òdo. Tí ó bá ti yẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 1, ẹ lè jẹ́ kí ó parí ìjókòó rẹ̀ kí ẹ máa wo ìgbóná táyà. Tí ó bá ti yẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin kan ti tẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ẹ pè é wọlé. Ohun kejì ni afẹ́fẹ́ táyà. Ohun kẹta, ẹ bi í léèrè bóyá ọkọ̀ ń ṣe bákan náà ní kọ́nà òsì àti kọ́nà ọ̀tún. Tí ó bá dára ní ọ̀kan, tí ó sì ń yọ̀ ní èkejì, aláímẹ́ǹtì ẹ̀yìn ti yí.

Tí ó bá wọlé, kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wá irin tó tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pààrọ̀ igun náà lódindi. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ to igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀: họ́ọ̀bù, béárìnì, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, táì rọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì rẹ̀, wáyà ABS, gbogbo rẹ̀ ti so pọ̀. Kí gígùn apá kọ̀ọ̀kan bá ti èyí tó wà lára ọkọ̀ mu, kó má fi ju ìdajì mílímítà lọ yàtọ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun kan orí bóòtù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, kí ìlà náà gba orí bóòtù kọjá sára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní nílò sípánà. Tí ìlà bá já, bóòtù ti yí.

Méjì péré ni kí ó máa ṣiṣẹ́ níbi igun kan, ẹnì kẹta á máa gba irin àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn, ẹnì kẹrin á mú ohun ìwọ̀n aláímẹ́ǹtì dání. Èèyàn mẹ́fà ní igun kan máa ń pẹ́ ju èèyàn mẹ́rin lọ, nítorí ọwọ́ wọn á máa gbá ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo abẹ́ imú ọkọ̀ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ rédíétọ̀. Rọ́bà táyà, ewé àti ọ̀rá tí àwọn awakọ̀ ń já kúrò lójú gíláàsì máa ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀n rẹ̀. Tí omi ẹ́ńjìnnì bá fi 5°C gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ nígbà tí kò sí ọkọ̀ kankan níwájú yín, àwọ̀n ti dí. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ló ti ń gbóná, kò léwu. Kí awakọ̀ yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ọ̀nà tààrà kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé.

Awakọ̀

Kí a pín ìjókòó bí ara ṣe ń rẹ̀ ẹ́, kí a má pín in bí orúkọ ṣe tóbi tó. Ẹ wọn awakọ̀ kí ó tó wọlé àti nígbà tó bá jáde. Kìlógíráàmù kan tó bá dínkù jẹ́ omi bíi lítà kan tó ti làágùn jáde, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà kí ó tó tún jókòó. Ẹni tí omi ara rẹ̀ ti dínkù kì í mọ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì ní mítà mẹ́ta, mẹ́rin kọjá ibi tó máa ń tẹ̀ ẹ́.

Pípààrọ̀ awakọ̀ gbọ́dọ̀ parí kí epo tó kún. Ẹni tó ń jáde kò gbọdọ̀ tú bẹ́líìtì títí ọkọ̀ á fi dúró pátápátá. Ó tú bẹ́líìtì, ó fa wáyà rédíò àti ọ̀pá omi yọ, ó gbé ìrọ̀rí ara rẹ̀ dání, ó jáde. Ẹni tuntun wọlé, ẹni àkọ́kọ́ bá a fa bẹ́líìtì èjìká, ó so rédíò fún un, ó ti ilẹ̀kùn. Ibi tí nǹkan ti ń dà rú ni okùn bẹ́líìtì tó há sábẹ́ ìdí. Ẹ fi rọ́bà ráńpẹ́ fa bẹ́líìtì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ àga, kí ó máa yà fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tú u. Kí wọ́n ṣe ìdánrawò yìí ní àádọ́ta ìgbà, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ nínú òkùnkùn.

Ní ti àwọn ọkọ̀ tó lọ́ra, bíi GT4 (ọkọ̀ ìje tí agbára rẹ̀ kò tó ti GT3): kò sí ibi tí ẹ ti lè fipá kọjá wọn láti The Cutting títí dé Forrest's Elbow láìfi ẹ̀mí ìje náà wewu. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn wọn á pàdánù sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, mẹ́rin, á sì gbà á padà lórí Conrod. Ẹ sọ èyí fún awakọ̀ ní gbangba, kí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìdí tí ìyípo yẹn fi lọ́ra. Bákan náà ni àsíá ofeefee, ti ìkìlọ̀ ewu, lórí òkè. Ọ̀nà náà tóóró, kọ́nà rẹ̀ ń bo ohun tó wà lẹ́yìn. Kí awakọ̀ gbà pé ọ̀nà ti dí pátápátá títí ó fi máa fojú ara rẹ̀ rí i pé kò dí.

Ìdájí

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, aago 5:45 ìdájí ni ìje ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ó lé ní ìdajì wákàtí tí iná ọkọ̀ fi máa ń jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí awakọ̀ ní. Níbi tí ọ̀nà bá ti ga sókè, iná máa tàn sí ojú ọ̀run. Níbi tó bá ti já sílẹ̀, á tàn sí ilẹ̀ tó wà nítòsí imú ọkọ̀. Nítorí náà, kíkọ́ iná tó ń tàn jìnnà kò ràn yín lọ́wọ́ lórí òkè tó bí ẹ ṣe rò. Iná ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀, tó ń fi ògiri hàn, ló wúlò. Àwọn ẹranko ń bẹ lórí òkè náà, kàǹgárù pàápàá, ìdájí sì ni wọ́n máa ń rìn kiri. Kí ẹni tó ń gbọ́ rédíò àwọn aláṣẹ sọ ibi tí wọ́n bá ti rí i fún awakọ̀ yín kíákíá, kí ó dárúkọ kọ́nà náà, kó má sọ pé "níwájú".

Nígbà tí oòrùn bá yọ, á wà nílẹ̀, á sì kọ mànà sí gíláàsì. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó bá jókòó ti lẹ ìlà dúdú mọ́ òkè fáísọ̀ (gíláàsì ojú akoto) rẹ̀. Ẹ lẹ ọ̀rá mẹ́rin lé gíláàsì ọkọ̀ láti àárọ̀, kí ẹ máa já ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí kòkòrò àti ọ́ìlì bá bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ọ́ìlì á kàn tẹ́ bo gbogbo rẹ̀.

Ọkọ̀ ìdáàbòbò àti wákàtí méjì tó kẹ́yìn

Nígbà tí wọ́n bá pe ọkọ̀ ìdáàbòbò jáde, ẹ ní sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ láti pinnu. Ẹ má dúró di ìgbà yẹn kí ẹ tó ronú. Ní gbogbo ìyípo, kí ẹ̀ńjíníà ní ìdáhùn kan lẹ́nu: "tó bá jáde báyìí, a wọlé" tàbí "a kò wọlé". Ohun tí ìdáhùn dúró lé ni ìyípo tó kù títí dé òpin àti iye ìgbà tí ẹ ṣì máa wọ pit. Tí wíwọlé báyìí bá lè yọ ìgbà kan kúrò, ẹ wọlé. Tí kò bá yọ nǹkan kan kúrò, tí ẹ sì wà níwájú, ẹ dúró síta. Ẹ ka ìwé òfin ọdún náà dáadáa lórí ìgbà tí ẹnu pit ń ṣí àti ìgbà tó ń tì, àti ohun tí ẹ lè ṣe nígbà tí epo bá ń wọlé; wọ́n máa ń yí i padà, ìyà rẹ̀ sì wúwo.

Láti wákàtí kẹwàá lọ, ibi tí ẹ bá wà ni kí ẹ máa kà sí ibi tí ẹ lè parí sí. Ní 2018, àsíá pupa ni wọ́n fi parí ìje kí wákàtí 12 tó pé, nítorí ìjàǹbá ńlá lórí òkè. Ní 2015 ẹ̀wẹ̀, Katsumasa Chiyo nínú Nissan GT-R kọjá àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ní àwọn ìyípo tó kẹ́yìn lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìdáàbòbò kúrò, ó sì gba ipò kìíní. Ọkọ̀ tí bíréèkì àti táyà rẹ̀ bá ṣì lágbára nígbà yẹn ló lè ṣe é. Nítorí náà, ẹ fi táyà tuntun kan pamọ́ fún ìjókòó ìkẹyìn, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ jó ní ọ̀sán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù ni kí ẹ fi síbẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ẹni tó yá jù.

Kí epo tí ẹ bù fún ìjókòó yẹn ju ìṣirò yín lọ ní lítà mẹ́ta. Tí àsíá bá ti wálẹ̀, ìyípo kan ṣì wà láti fi tutù, gbogbo rẹ̀ òkè, àwọn aláyẹ̀wò á sì fẹ́ fa epo díẹ̀ láti inú tánkì kí wọ́n tó fọwọ́ sí èsì yín.